Ẹni Tó Bá Béèrè Ọ̀nà, Kó Béèrè Ìgbà

Àwọn àgbà ní abèèrè kì í ṣìnà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wa gbà pé ẹni tó bá ti béèrè lẹ́ẹ̀kan ti bọ́ lọ́wọ́ ewu, ìrìn àjò Vasco da Gama, atukọ̀ ará Pọtogí, sì fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ti pẹ́ tí àwọn Pọtogí ti ń tọ etí òkun Áfíríkà lọ díẹ̀díẹ̀, tí wọ́n ń wá ọ̀nà omi dé ibi tí ata iyèré ti ń wá. Bartolomeu Dias yí ìkángun ilẹ̀ náà po níhà gúúsù ní 1488, ó sì padà sílé. Da Gama gbéra ní Lisbon ní oṣù keje 1497. Nígbà tó dé Malindi, ní etí òkun Kẹ́ńyà òde òní, ó tọrọ afọ̀nàhàn lọ́wọ́ ọba ibẹ̀. (Ìtọrọ ọ̀hún ní ipá nínú: ó dá ìránṣẹ́ ọba dúró nínú ọkọ̀ títí wọ́n fi mú ẹni náà wá.) Ọjọ́ 23 péré ni wọ́n fi la òkun já dé Íńdíà. Ọ̀nà tí Yúróòpù ń fi gbogbo ayé wá kiri, ọ̀nà ọjà lásán ni lójú àwọn atukọ̀ Lárúbáwá àti ti Gujarat.

Ó béèrè ọ̀nà, ṣùgbọ́n kò béèrè ohun tó niyì níbi tó ń lọ. Aṣọ onílà, fìlà mẹ́fà, iyùn, abọ́ ìfọwọ́, ṣúgà, òróró àti oyin ló kó sílẹ̀ fún ọba Calicut, ìlú tó gúnlẹ̀ sí ní Íńdíà. Àwọn ìjòyè bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní oníṣòwò tó tòṣì jù lọ tó ti Mẹ́kà wá ń mú ju ìyẹn wá, pé wúrà ni kó mú wá. Àárín wọn kò gún mọ́, ó sì ṣíkọ̀ ní ìparí oṣù kẹjọ 1498, nígbà tí afẹ́fẹ́ ṣì ń fẹ́ kọjú sí Íńdíà. Gbogbo atukọ̀ òkun yẹn ló mọ̀ pé apá ìparí ọdún ni afẹ́fẹ́ ń yí padà sí ìhà Áfíríkà. Òkun tó fi ọjọ́ 23 là já nígbà àlọ gbà á ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta nígbà àbọ̀. Àìrí èso àti ewébẹ̀ jẹ mú kí erìgì àwọn ènìyàn rẹ̀ wú, bí ọgbọ̀n nínú wọn kú, àwọn tó kù kò sì tó tu ọkọ̀ mẹ́ta mọ́. Ó dáná sun ọ̀kan.

Ẹnìkan lè ní ìjà ló lé e, kì í ṣe àìbéèrè. Kí ló dá ìjà sílẹ̀ bí kò ṣe ẹ̀bùn tí kò bá ìlú mu? Ẹlòmíràn lè fi Columbus ṣe àpẹẹrẹ, ẹni tó fẹ́ gba ìwọ̀ oòrùn dé Éṣíà, tí àwọn onímọ̀ ọba Pọtogí sọ fún pé òkun fẹ̀ ju bó ṣe wí lọ, tó sì lọ láìka tiwọn sí. Àwọn onímọ̀ yẹn ló jàre. Bí kì í bá ṣe pé ilẹ̀ Amẹ́ríkà dábùú ọ̀nà, oúnjẹ ìbá ti tán nínú ọkọ̀ rẹ̀ kó tó fojú kan Éṣíà. Oríire ló yọ ọ́, òun fúnra rẹ̀ kò sì gbà bẹ́ẹ̀ títí ó fi kú ní 1506.

Nítorí náà, ìwọ tó ń palẹ̀ mọ́ láti lọ gbé nílùú òkèèrè, tàbí tó fẹ́ dá òwò tí o kò ṣe rí sílẹ̀, má fi ìbéèrè mọ sí ibi tí wọ́n ń gbà wọlé. Béèrè ohun tí wọ́n ń bọlá fún níbẹ̀, béèrè ìgbà tí nǹkan máa ń yí padà. Ẹni tó ti pẹ́ lórí omi náà ni kí o bi, kí o sì jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán.