Ìrọ Mẹ́ta, Ìpọ́n Méjì: Èdè-Ìperí fún Àyẹ̀wò Omi àti Oúnjẹ Tòmátì Inú Ìkòkò

1. Ìfáárà

Ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo, *rọ*, ni Yorùbá sábà máa ń lò fún ewé tí kò lè dúró ṣánṣán mọ́, tí ó sì dorí kodò. Bẹ́ẹ̀ náà ni *pọ́n* ń ṣiṣẹ́ fún ewé tí àwọ̀ rẹ̀ ti kúrò ní dúdú minimini. Ọ̀rọ̀ méjèèjì tó fún ẹni tí ń kọjá lọ lójú ọ̀nà. Wọn kò tó fún ẹni tí ó gbin tòmátì mẹ́wàá sínú ike lẹ́yìn ilé, tí kò sì fẹ́ kí wọ́n kú. Bí wọ́n bá sọ fún un pé ewé ń rọ, omi ni yóò bù. Bí wọ́n bá sọ pé ewé ń pọ́n, ajílẹ̀ ni yóò dà sí i. Nígbà mìíràn, omi àti ajílẹ̀ yẹn gan-an ni ó ń pa ohun ọ̀gbìn náà.

Ète àpilẹ̀kọ yìí ni láti fi hàn pé orúkọ tí ó dúró lórí àmì nìkan lè ṣi ológbà lọ́nà, àti láti dábàá èdè-ìperí tí ó so àmì mọ́ ohun tí ó fà á. Ètò tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa darí ní Ilé-Ifẹ̀ láti ọdún 1970 ti fi hàn pé Yorùbá lè gbé ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ohun tí ó kù ni kí orúkọ kọ̀ọ̀kan lè darí ọwọ́ ẹni tí ń lò ó.

2. Ìrọ Mẹ́ta

Omi tí ó kún inú sẹ́ẹ̀lì ewé ni ó ń mú kí ewé dúró, gẹ́gẹ́ bí afẹ́fẹ́ ti ń mú kí bọ́ọ̀lù le. Nígbà tí omi tí ń jáde lára ewé bá pọ̀ ju èyí tí gbòǹgbò ń fà wọlé, ewé yóò rọ. Èyí lè ṣẹlẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ ní ọ̀sán gangan nígbà tí oòrùn bá mú. Bí ewé bá tún nà ní ìrọ̀lẹ́, kì í ṣe àrùn. Ìrọ tí kò bá lọ ní ìrọ̀lẹ́ ni ó yẹ fún àyẹ̀wò, ọ̀nà mẹ́ta ni ó sì pín sí níhìn-ín.

Èkíní ni *ìrọ òǹgbẹ*. Ìkòkò fúyẹ́ bí wọ́n bá gbé e, iyẹ̀pẹ̀ gbẹ títí dé ibi tí ìka lè dé, ó sì lè ti ya kúrò lára ìkòkò. Ìwòsàn rẹ̀ ni omi tí yóò rin ín títí tí yóò fi jáde nísàlẹ̀.

Èkejì ni *ìrọ àmujù*. Ìkòkò wúwo, iyẹ̀pẹ̀ tutù, síbẹ̀ ewé rọ. Ìdí ni pé gbòǹgbò ń mí. Ó nílò ọ́síjìn kí ó tó lè ní agbára láti fa omi àti èròjà. Bí omi bá kún gbogbo ihò wẹ́wẹ́ inú iyẹ̀pẹ̀, ọ́síjìn kò lè tètè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, nítorí pé ìrìn ọ́síjìn nínú omi lọ́ra ju ti inú afẹ́fẹ́ lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 10,000. Gbòǹgbò tí ó yẹ kí ó funfun kí ó sì le yóò di rúsúrúsú, yóò rọ̀, yóò sì máa rùn. Ohun ọ̀gbìn náà ń kú fún àìrí omi fà nígbà tí ó dúró sínú omi. Òkúta wẹ́wẹ́ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kó sí ìsàlẹ̀ ìkòkò kò wo èyí sàn. Omi kì í bọ́ láti inú iyẹ̀pẹ̀ tí ihò rẹ̀ kéré sínú òkúta tí àlàfo rẹ̀ tóbi, àfi bí ìsàlẹ̀ iyẹ̀pẹ̀ náà bá kọ́kọ́ kún fún omi. Òkúta náà kàn ń gbé ibi tí omi rọ̀gún sí sókè sún mọ́ gbòǹgbò ni. Ihò ìdí ìkòkò, iyẹ̀pẹ̀ tí kò dì, àti sùúrù kí omi tó wọ̀nyẹn fà ni ìwòsàn.

Ẹ̀kẹta ni *ìrọ iyọ̀*. Ọ̀pọ̀ ajílẹ̀ inú àpò ni ó jẹ́ iyọ̀ lójú onímọ̀ kẹ́místírì. Omi a máa fi ibi tí iyọ̀ kéré sí sílẹ̀ lọ sí ibi tí iyọ̀ pọ̀ sí, gẹ́gẹ́ bí ewébẹ̀ tí wọ́n bu iyọ̀ sí ti ń tú omi jáde nínú abọ́. Bí ajílẹ̀ bá pọ̀ jù, gbòǹgbò kò ní lè fa omi bí iyẹ̀pẹ̀ tilẹ̀ rin. Ẹ̀wù funfun tí ó bo ojú iyẹ̀pẹ̀ àti etí ewé tí ó jó ni àmì rẹ̀. Omi púpọ̀ tí yóò fọ iyọ̀ náà jáde nísàlẹ̀ ni ìwòsàn, kí ajílẹ̀ sì dúró ná.

Ọ̀rọ̀-ìṣe kan, ìwòsàn mẹ́ta: fún un ní omi, gba omi lẹ́nu rẹ̀, fi omi fọ̀ ọ́.

3. Ìpọ́n Méjì

Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé èròjà 17 ni ohun ọ̀gbìn kò lè ṣe aláìní. Mẹ́ta ń wá láti inú afẹ́fẹ́ àti omi. Inú ilẹ̀ ni 14 yòókù ti ń wá. Ní ọdún 1939, D. I. Arnon àti P. R. Stout ní Yunifásítì California gbé ìlànà kalẹ̀ fún mímọ irú èròjà bẹ́ẹ̀. Tòmátì sì wà lára ohun ọ̀gbìn tí wọ́n fi ṣe ìwádìí. Ọ̀kan nínú ìlànà náà ni pé èròjà mìíràn kò lè dí àlàfo rẹ̀. Nítorí náà, kò tó láti sọ pé ebi ń pa igi. Ó yẹ kí orúkọ sọ ohun tí ebi rẹ̀ ń pa á.

Náítírójìn, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, pòtáṣíọ̀mù àti maginíṣíọ̀mù jẹ́ *èròjà aṣíkiri*. Bí wọ́n bá dín kù, igi a máa yọ wọ́n kúrò nínú ewé àgbà fún ewé tuntun, bí ìyá tí ń yọ òkèlè ẹnu rẹ̀ fún ọmọ. Àmì wọn ń bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, orúkọ tí ó bá a mu sì ni *ìpọ́n ìsàlẹ̀*. Bí gbogbo ojú ewé bá pọ́n bákan náà, náítírójìn ni kí ológbà kọ́kọ́ fura sí. Bí àárín iṣan bá pọ́n tí iṣan sì dúdú, maginíṣíọ̀mù ni. Bí etí ewé bá pọ́n tí ó sì jó láìsí ẹ̀wù iyọ̀, pòtáṣíọ̀mù ni. Ti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì yàtọ̀: igi kì í dàgbà bí ó ti yẹ, abẹ́ ewé rẹ̀ a sì máa ní àwọ̀ elésè àlùkò.

Irin àti kálísíọ̀mù jẹ́ *èròjà ajókòó*: ibi tí wọ́n bá dé sí ni wọ́n ń gbé. Ọ̀mùnú ni ìyà wọn kọ́kọ́ ń jẹ. Bí ewé òkè bá pọ́n láàárín iṣan, *ìpọ́n òkè* ni, irin ni ó sì sábà máa ń fà á.

4. Àìtó àti Àìdé

Ìyàtọ̀ kan ṣì kù tí ó ṣe pàtàkì ju gbogbo wọn lọ. *Àìtó* ni kí èròjà má pọ̀ tó nínú ilẹ̀. *Àìdé* ni kí ó wà níbẹ̀ ṣùgbọ́n kí ó má lè dé ibi tí wọ́n ti ń retí rẹ̀. Eérú tí ó pọ̀ jù nínú ìkòkò a máa dín kíkan ilẹ̀ kù. Tòmátì fẹ́ràn ilẹ̀ tí ó wà láàárín 6.0 sí 6.8 lórí òṣùwọ̀n pH. Bí ó bá ga ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, irin kì í fẹ́ yòrò mọ́. Àìdé irin nìyẹn.

*Àrùn ìdí-dúdú*, tí ìdí èso tòmátì fi ń dúdú tí ó sì ń wọnú, jẹ́ àpẹẹrẹ mìíràn. Kálísíọ̀mù ni kò dé inú èso náà. Omi ni ó ń gbé kálísíọ̀mù, ewé sì ń fa omi ju èso lọ. Bí wọ́n bá jẹ́ kí ìkòkò gbẹ lónìí, tí wọ́n sì rì í lọ́la, èso ni ìyà ń jẹ. Omi tí ó ń lọ déédéé ni ó sábà máa ń dáwọ́ rẹ̀ dúró. Ajílẹ̀ kò lè ṣe iṣẹ́ yẹn. Gbòǹgbò tí àmujù ti bà jẹ́ náà ń mú kí ewé pọ́n lórí ilẹ̀ ọlọ́ràá.

5. Ìgúnlẹ̀

Àwọn orúkọ tí wọ́n dábàá níhìn-ín kò ṣàjèjì sí ìlànà èdè. *Ìrọ* àti *ìpọ́n* jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ tí wọ́n fi mọ́fíìmù *ì-* ṣẹ̀dá. *Àmujù* bá *àjẹjù* mu. *Àìdé* bá *àìtó* mu. Ohùn àárín tí ó wà lórí *ìrọ* ni kò gbọdọ̀ yí padà, kí ó má bàa di *irọ́*.

Yorùbá ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Kí ológbà gbé ìkòkò wò bóyá ó wúwo. Kí ó ti ìka bọ iyẹ̀pẹ̀. Kí ó wo ihò ìsàlẹ̀. Kí ó wo ẹ̀wù iyọ̀. Kí ó wo bóyá ewé àgbà tàbí ewé tuntun ni ó kọ́kọ́ pọ́n. Lẹ́yìn náà ni kí ó sọ àrùn lórúkọ. Ajílẹ̀ ni kí ó kẹ́yìn gbogbo rẹ̀, nítorí èyí tí ó bá ti wọ inú ìkòkò kì í rọrùn láti kó jáde.