Lẹ́tà sí Àkànní Nípa Ẹ́síì Tòkunbọ̀

Àkànní, ọmọ àbúrò mi,

Mo gbọ́ ohùn tí o gbà ránṣẹ́, mo sì gbọ́ bí ẹ́síì ojú fèrèsé náà ṣe ń kùn lẹ́yìn ọ̀rọ̀ rẹ. O ní kì í pẹ́ tí á fi dún “kọ̀”, tí á sì dákẹ́, àti pé oníṣẹ́ tí o pè kò tú nọ́ọ̀tù kan ṣoṣo kó tó sọ pé kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ti kú. Má tíì fún un ní kọ́bọ̀. Ẹ̀rọ tó ń kùn tí kò lè gbéra, ebi iná ló sábà máa ń pa á.

Kọ́kọ́ wá sítíkà tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí lára rẹ̀. Má wo púlọ́ọ̀gì, nítorí àwọn tó ń ta tòkunbọ̀ a máa gé ti òyìnbó dànù, wọ́n á fi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tiwa rọ́pò. Bí o bá rí 115V àti 60Hz, iná Amẹ́ríkà ni wọ́n ṣe é fún. Tiwa jẹ́ 230V àti 50Hz. Ẹni tó tà á fún ọ á ní kí o ra tiransifọ́mà. Lóòótọ́, yóò mú 230 wálẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè sọ 50Hz di 60Hz, kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ á sì máa gbóná. Dá a padà fún un, kódà bó bá máa yọ díẹ̀ nínú owó rẹ. (Ẹ́síì àlòkù wà lára ohun tí Kọ́sítọ́ọ̀mù kà léèwọ̀ láti kó wọlé, nítorí náà má retí ìwé ẹ̀rí kankan.) Bó bá jẹ́ 220 sí 240V, 50Hz ló wà níbẹ̀, ó yá, ká yíjú sí ara ògiri.

O kàn sọ ọ́ gbẹ̀yìn pé sọ́kẹ́ẹ̀tì máa ń gbóná. Ibẹ̀ gan-an lọkàn mi wà. Ọ̀pọ̀ onílé ni kò ro ti ẹ́síì nígbà tí wọ́n ń fa wáyà. Gílóòbù àti fáànù ni wọ́n ń rò. Ẹ́síì họ́ọ̀sì kan ààbọ̀ fẹ́ wáyà 2.5mm² tirẹ̀, láti inú àpótí bíréékà títí dé suwíìṣì 20A, kí fíríìjì tàbí kẹ́túlù má bá a pín in. Ẹkisitẹ́ńṣàn ńkọ́? Má dán an wò. Ní kí oníná mú mítà wá. Tẹ́sítà tí wọ́n ń kì bọ ihò sọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn kò tó, torí ó ń tàn náà bí iná bá jẹ́ 130V. Bí mítà bá ka 220 kí ẹ́síì tó gbéra, tó sì já sí 170 bó ṣe ń kùn, wáyà tín-ín-rín tàbí ojú ìsopọ̀ tó ti dẹ̀ ló ń jẹ iná náà lójú ọ̀nà. Bó bá ti wà ní 170 kí o tó tan ohunkóhun, NEPA ni (mo mọ̀ pé wọ́n ti yí orúkọ padà). Sìtàbìláísà lè gbà ọ́ lọ́wọ́ NEPA. Kò lè gbà ọ́ lọ́wọ́ wáyà tín-ín-rín. Ńṣe ni wáyà náà á túbọ̀ máa gbóná.

Kí oníná wo àwọ̀ wáyà náà dáadáa. Nínú ilé àtijọ́ tiwa, pupa ló ní iná, dúdú kò ní. Nínú okùn tuntun, búráùn ló ní iná, búlúù kò ní. Nínú okùn Amẹ́ríkà, dúdú gan-an ló ní iná. Bí ẹnì kan bá so dúdú mọ́ dúdú torí pé wọ́n jọra, ẹ́síì lè ṣiṣẹ́ o, ṣùgbọ́n bí o bá pa á ní suwíìṣì ara rẹ̀, iná ṣì lè wà nínú rẹ̀. Wáyà ilẹ̀, aláwọ̀ ewé yẹn, má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé e. Irin fèrèsé rẹ kan ara ẹ́síì náà, ọmọ sì ń di irin yẹn mú.

Bí iná bá pé pérépéré tó ṣì ń kùn, kàpásítọ̀ ló kàn. Èyí tó bá ti wú ti bàjẹ́, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti kọ̀ǹpírẹ́sọ̀. Iye µF tuntun gbọ́dọ̀ bá ti àtijọ́ mu. Ìwọ má fọwọ́ kàn án rárá: ó ń fi iná pamọ́ sínú lẹ́yìn tí o ti yọ púlọ́ọ̀gì. Bí wọ́n bá pààrọ̀ rẹ̀ tí ẹ́síì ṣì ń kùn, ìgbà yẹn ni kí oníṣẹ́ tó wọn ẹnu mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọ̀ǹpírẹ́sọ̀, C, S àti R. Iye ọ́ọ̀mù tó wà láàárín R àti S yẹ kó jẹ́ àròpọ̀ ti C sí R àti C sí S. Bí wáyà inú rẹ̀ kan bá já, tàbí tí mítà fi hàn pé ó kan ara irin, mo gbà pé ó ti kú.

Oníṣẹ́ náà lè wá sọ ọ̀rọ̀ gáàsì. Gáàsì ẹ́síì kì í tán bíi ti ìdáná. Bó bá dín kù, ó ń jò níbì kan. Kó fi ibi tó ń jò hàn ọ́ kó tó rọ òmíràn sí i. Fọ fítà ná, torí ìdọ̀tí rẹ̀ nìkan lè mú kí yìnyín bo inú ẹ́síì.

Fi fọ́tò sítíkà náà ránṣẹ́ sí mi lálẹ́ yìí kí oníṣẹ́ yẹn tó padà dé. Títí dìgbà náà, yọ púlọ́ọ̀gì kúrò lára ògiri. Ìyá rẹ àgbà ní kí n kí ọ.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ,
Bàbá Ìbàdàn