Gíga, Jíjìn àti Ìpele Igi: Ibo Lẹ Ti Bẹ̀rẹ̀ sí í Kà?

Nínú ìdánwò kan ní yunifásítì, wọ́n ní kí n kọ gíga oríkèé kan nínú igi oníẹ̀ka méjì. Mo kàn wo ìpele tó wà, mo kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀. Máàkì márùn-ún lọ bẹ́ẹ̀! Ẹ jẹ́ ká yanjú ẹ̀ lónìí kó má baà ṣe ẹ̀yin náà.

Igi inú kọ̀ǹpútà dorí kodò: gbòǹgbò ló wà lókè, ewé ló wà nísàlẹ̀. Oríkèé kọ̀ọ̀kan ò gbọdọ̀ bí ju ọmọ méjì lọ. Èyí tí kò bá bímọ rárá là ń pè ní ewé.

Ẹ mú bébà. Ẹ kọ 50 sókè, gbòǹgbò nìyẹn. Nọ́ńbà tó bá kéré á lọ sósì, èyí tó bá tóbi á lọ sọ́tùn-ún. Ẹ fi 30, 70, 20, 40 àti 10 sí i ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé, kẹ́ ẹ fa ìlà láti òbí sí ọmọ. 50 á bí 30 àti 70. 30 á bí 20 àti 40. 20 á bí 10.

Jíjìn ń wo òkè. Ẹ ka ìlà láti oríkèé dé gbòǹgbò. Jíjìn 30 jẹ́ 1, ti 10 jẹ́ 3, ti gbòǹgbò fúnra rẹ̀ jẹ́ 0.

Gíga ń wo ìsàlẹ̀. Ẹ ka ìlà láti oríkèé dé ewé tó jìnnà sí i jù lábẹ́ rẹ̀. Gíga 30 jẹ́ 2. Gíga 70 jẹ́ 0, torí ewé ni. Gíga gbòǹgbò, ìyẹn 3, ni gíga gbogbo igi.

Àwọn tí jíjìn wọn bá dọ́gba ló wà ní ìpele kan náà, bí ìran kan nínú ẹbí. Ìpele kan náà ni 30 àti 70 wà, àmọ́ gíga wọn ò dọ́gba. Ibi tí mo ti ṣubú gan-an nìyẹn. Ẹ ṣọ́ra o: ìwé mìíràn ń pe ìpele gbòǹgbò ní 0, òmíràn ń pè é ní 1. Ẹ wo èyí tí olùkọ́ yín ń lò.

Kí ló wá kàn wá nínú gíga? Wíwá nǹkan ni. Ká ní a to nọ́ńbà mílíọ̀nù kan láti kékeré sí ńlá ká tó fi wọ́n sínú igi. Ọ̀tún nìkan ni gbogbo wọn á máa gbà. Igi á di okùn gbọọrọ, gíga rẹ̀ á sì jẹ́ 999,999. Àmọ́ tí wọ́n bá pín dọ́gba sósì-sọ́tùn-ún, gíga igi ò ní ju 19 lọ: ìfiwéra 20 péré, a ti rí ohun tá à ń wá. Ìdí nìyẹn tí Adelson-Velsky àti Landis fi gbé igi AVL jáde ní Soviet Union lọ́dún 1962. Bí ìyàtọ̀ gíga apá òsì àti apá ọ̀tún oríkèé kan bá ti ju 1 lọ, igi náà á tún ara rẹ̀ tò.

Ó kù sọ́wọ́ yín: kí ni jíjìn 20, kí sì ni gíga rẹ̀? Ẹ kọ́kọ́ wòkè, kẹ́ ẹ tó wo ìsàlẹ̀.