Bí A Ṣe Ń Rán Aṣọ Bẹ́ẹ̀dì Onírọ́bà

Ní ilé wa ní Eléko, aṣọ bẹ́ẹ̀dì máa ń yọ kúrò lórí fóòmù kí ilẹ̀ tó mọ́. Mo ní rọ́bà ló kù. Mo ran rọ́bà mọ́ etí rẹ̀ yípo, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣì ń yọ. Àǹtí tó ń ránṣọ ládùúgbò wò ó, ó rẹ́rìn-ín: "Igun lo ò rán."

Ohun tó kọ́ mi nìyí. Ẹ kọ́kọ́ fọ aṣọ náà, kó má baà sún kì lẹ́yìn rírán. Fóòmù wa gùn ní ínǹṣì 72, ó fẹ̀ ní 48, ó ga ní 8. Ẹ fi ínǹṣì 11 kún ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan: 8 fún gíga, 2 fún abẹ́ fóòmù, 1 fún ibi tí rọ́bà yóò gbà. Aṣọ á jẹ́ 94 sí 70.

Ní igun kọ̀ọ̀kan, ẹ gé ínǹṣì 10½ sí 10½ kúrò. Rírán yóò jẹ ìdajì ínǹṣì tó kù. Ẹ pa etí méjèèjì tí ẹ gé pọ̀, kí ojú aṣọ wà nínú, kí ẹ rán an. Ẹ wá ṣẹ́ etí aṣọ yípo, ẹ fi àyè díẹ̀ sílẹ̀, ẹ fi píìnì fa rọ́bà gba inú rẹ̀, ẹ rán orí rọ́bà méjèèjì pọ̀, kí ẹ dí àyè náà.

Ní kíláàsì, a mọ̀ pé *oní-* àti *rọ́bà* ló di *onírọ́bà*. Rọ́bà ló gba orúkọ, igun ló ṣe iṣẹ́. Orúkọ yẹn ló tàn mí jẹ tí mo fi ba aṣọ kan jẹ́.