Ohun Tó Bá Ojú Ló Bá Imú: Ọkàn Akọrin àti Ohùn Rẹ̀

Ohun tó bá ojú ló bá imú. Bẹ́ẹ̀ ni ọkàn akọrin àti ohùn rẹ̀ rí. Tán-án-ná, ìyẹn ẹran méjì inú gògóńgò tí èémí ń gbọ̀n kí ohùn tó jáde, kò gùn ju bí èékánná àtàǹpàkò lọ. Bí obìnrin bá ń sọ̀rọ̀ lásán, ó ń gbọ̀n tó ìgbà 200 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bó bá gbé orin sókè, ó lè kọjá 400 dáadáa. Iṣan tó ń gbé àṣẹ láti ọpọlọ lọ síbẹ̀ jẹ́ ẹ̀ka iṣan ńlá kan náà tó ń bá ọkàn àti ikùn ṣiṣẹ́. Kódà, ẹ̀ka apá òsì a kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀ wọ inú àyà, a yí òpó ẹ̀jẹ̀ ńlá po, kó tó padà gòkè wá sí gògóńgò. Kò ṣàjèjì nígbà náà pé Yorùbá fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo pe ọkàn tó ń lù àti ọkàn tó ń bẹ̀rù.

Àpẹẹrẹ rẹ̀ kò jìnnà. Akọrin ìjọ kan fẹ́ lé orin lọ́jọ́ ìkórè. Lálẹ́ Sátidé, níbi ìdánrawò, ohùn rẹ̀ ń ṣàn bí omi. Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, bó ti rí i pé èrò kún dé ẹnu ọ̀nà, itọ́ gbẹ lẹ́nu rẹ̀, èjìká rẹ̀ gòkè, èémí rẹ̀ kò délẹ̀ mọ́. Ọrùn rẹ̀ le, gògóńgò sì gòkè bí ìgbà tí ènìyàn fẹ́ gbé òkèlè mì. Nígbà tí orin dé ibi gíga, ohùn kò jẹ́ ẹ, ó bá fi agbára tì í, iṣan ọrùn rẹ̀ yọ gànnàkù. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í nini lára. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kì í sábà ba ohùn jẹ́. Bó bá di ojoojúmọ́, tán-án-ná á wú, kókó kéékèèké lè yọ sí i, ohùn á sì há. Ohùn tó há yìí á wá bí ẹ̀rù tuntun, akọrin á sì tún tì í ju ti àná lọ.

Ẹ̀rù kò mọ àgbà akọrin. Lọ́dún 1967, ọ̀rọ̀ orin pòórá lórí Barbra Streisand, akọrin ọmọ Amẹ́ríkà, níwájú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ní Central Park, New York. Kì í ṣe ohùn ló já a kulẹ̀, ìrántí ni; síbẹ̀ ó sá fún òde orin fún ọ̀pọ̀ ọdún, kó tó jáde rìnrìn àjò orin ní 1994.

Ìbànújẹ́ ní ọ̀nà tirẹ̀. Lẹ́yìn òkú tàbí ìjà ńlá nínú ilé, ohùn lè lọ pátápátá, kó ku ọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ nìkan. Síbẹ̀, bí onítọ̀hún bá wúkọ́, ikọ́ á dún ketekete, ẹ̀rí pé tán-án-ná ṣì ń pàdé. Àwọn ará ilé a ní ó ń díbọ́n, tàbí pé ayé ti gba ohùn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ méjèèjì ń pa á lára: èkíní ń dójú tì í, èkejì ń dá kún ẹ̀rù rẹ̀. Kì í ṣe ìdíbọ́n rárá. Olùtọ́jú ohùn tó mọṣẹ́ a bẹ̀rẹ̀ láti inú ikọ́ yẹn gan-an: a ní kó fa ìró rẹ̀ gùn, kó sọ ọ́ di kíkùn nínú imú, kó tó di ọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà, ó yẹ kó rí ẹni gbọ́ ẹ̀dùn rẹ̀, nítorí ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Ṣùgbọ́n kí a tó di ẹrù lé ọkàn lórí, kí a kọ́kọ́ wo ọ̀fun. Ohùn ń da Shania Twain, akọrin ọmọ Kánádà, láàmú fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìgbéyàwó rẹ̀ sì tú ká láàárín àkókò náà. Ìbá rọrùn láti sọ pé ìbànújẹ́ lásán ni. Ṣùgbọ́n àrùn Lyme, tí eégbọn ń kó ranni, ló ti ba iṣan ohùn rẹ̀ jẹ́, iṣẹ́ abẹ ló sì gbà. Ohùn tó bá há kọjá ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ti dókítà etí, imú àti ọ̀fun ni. Èyí tó bá lọ lójijì láàárín orin, kí akọrin dákẹ́ lójú ẹsẹ̀, kó má dúró de ọ̀sẹ̀ kankan. Olùkọ́ orin ni Manuel García tó ti fi dígí àti ìtànṣán oòrùn wo tán-án-ná ara rẹ̀ láti 1854. Kò yẹ kí akọrin òde òní máa méfò.

Ní ti ẹ̀rù orí pèpéle, kíkápá ni, kì í ṣe lílé tán. Kí akọrin fi sítírọ́ọ̀ kùn sínú ife omi fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kó tó jáde, kó sì ti kọ́kọ́ kọ orin náà lójú ènìyàn mẹ́ta, lẹ́yìn náà lójú mẹ́wàá. Ọtí tí àwọn kan fi ń lé ẹ̀rù ń pa ìmọ̀lára ọ̀fun, kò ní jẹ́ kó mọ̀ pé òun ń pa ara òun lára. Oògùn propranolol ń dín ìgbọ̀nrìrì kù lóòótọ́, ṣùgbọ́n ewu ńlá ni fún ẹni tó ní asthma; dókítà ló gbọ́dọ̀ kọ ọ́. Orógbó tí àwọn kan ń jẹ nítorí ohùn kò burú, àmọ́ ohun tí a gbé mì kì í kan tán-án-ná. Bó bá kàn án, ikọ́ líle ló ń tì í jáde.

Ọwọ́ ọ̀gá ẹgbẹ́ akọrin ni èyí tó kù wà. Akọrin tó mọ̀ pé òun lè sọ pé ohùn òun kò dá lónìí, tí wọn kò sì ní gba ipò òun, kò ní fi ipá kọrin. Kí ọ̀gá rẹ orin náà sílẹ̀ díẹ̀, kó wá ẹnì kejì tó mọ lílé rẹ̀, kó sì sọ fún àwọn méjèèjì ṣáájú ọjọ́ ìkórè.