Nígbà tí Ológbò Bá Ń Fi Ahọ́n Fá Irun Ara Rẹ̀



Ìyá kan dá mi dúró lẹ́yìn àsàláátù ní Òrè níbí. Ìbéèrè méjì ló gbé wá. Ológbò rẹ̀ ti pá ní ikùn àti ní abẹ́ itan, àfi bí ẹni pé wọ́n fi abẹ fá a. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá irun tó ń bọ́ sórí ẹní ìkírun lè ba ìrun jẹ́. Èkejì ni pé aládùúgbò kan ní kó fi ọ̀tapiápiá pa á lára. Ṣé kó ṣe bẹ́ẹ̀?

Ìbéèrè kejì ló mú kí n tètè kọ èyí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ dáhùn ti àkọ́kọ́. Hádíìsì fi yé wa pé Kabsha ọmọ Ka'b ń da omi àlùwàlá fún bàbá ọkọ rẹ̀, Abu Qatada, nígbà tí ológbò kan dé. Abu Qatada tẹ ohun tí omi wà nínú rẹ̀ sílẹ̀ kí ológbò náà lè mu ún tẹ́rùn. Nígbà tó rí i pé ẹnu ya Kabsha, ó ṣàlàyé fún un pé Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ti sọ pé ológbò kì í ṣe nájísì, torí ó wà lára àwọn tó ń lọ tó ń bọ̀ láàárín wa. Ní ti irun, ní mazhab Imam Malik tí àwa ń tẹ̀lé nílẹ̀ Yorùbá, irun tó bọ́ lára ológbò mọ́. Ẹ gbọn ẹní yín, kí ẹ kírun. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ fọ̀.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ara ológbò fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá ń kó àpò kòkó pamọ́ sílé mọ ìdí tí a fi ń sìn ín, pàápàá ní ìpínlẹ̀ Oǹdó wa yìí, tí eku àti ibà Lassa kò ti ṣe àjèjì. (Ológbò kò ní kí ẹ má bo gàrí yín o.)

Ológbò a máa lá ara rẹ̀ lójoojúmọ́, ìwẹ̀ rẹ̀ nìyẹn. Ahọ́n rẹ̀ le kurukuru nítorí àwọn ẹ̀gún kéékèèké tó kọjú sí ẹ̀yìn. Ní 2018, àwọn onímọ̀ kan ní Georgia, ní Amẹ́ríkà, fi hàn pé ẹnu ẹ̀gún wọ̀nyí ní ihò bíi ti ṣíbí, èyí tó ń bu itọ́ láti ẹnu lọ sí ìdí irun. Ẹ rántí èyí, mo ṣì ń padà bọ̀ sórí rẹ̀.

Bí lílá náà bá wá pọ̀ ju ti ìwẹ̀ lọ, ẹ̀gún yìí kan náà ni yóò máa gé irun. Ọ̀pọ̀ ológbò kì í ṣe é lójú ènìyàn, nítorí náà ẹni tó ni ín a ní irun ń já fúnra rẹ̀ ni. Ẹ fi ọwọ́ ra ibi tó pá. Bí ẹ bá kan kùkùté irun tó ń gún ọwọ́ díẹ̀, ahọ́n ló gé e.

Kí ló ń fà á? Àwọn kan á ní àníyàn ni, tàbí pé ẹnìkan ló ń fi nǹkan ṣe é. Ní 2006, àwọn dókítà ẹranko ní Kánádà tẹ ìwádìí kan jáde lórí ológbò 21 tí wọ́n ti rò pé ọkàn ló ń yọ wọ́n lẹ́nu. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ wọ́n wò dáadáa, 16 nínú wọn ló ní àìsàn ara tó ń fà á, àwọn 3 ní ti ara pẹ̀lú ti ọkàn, 2 péré ló jẹ́ ti ọkàn nìkan. Ara ló ń yún wọn.

Ohun tó sì sábà máa ń yún ológbò ni yọ̀rọ̀, kòkòrò wínníwínní aláwọ̀ ilẹ̀ tó máa ń fò bí ẹ bá fẹ́ mú un. Kì í ṣe eégbọn tó ń lẹ̀ mọ́ ara. Àwọn ológbò kan wà tí itọ́ yọ̀rọ̀ kò bá lára mu, tí ìgéjẹ díẹ̀ ti tó láti mú wọn lá ara wọn di pípá. Ẹ lè má rí yọ̀rọ̀ kankan, torí ahọ́n náà ti kó wọn jẹ. Ẹ fi kóòǹbù eléyín wínníwínní ya ìdí ìrù rẹ̀ sórí aṣọ funfun tó tutù. Bí èérí dúdú tó já bọ́ bá ń yọ omi pupa, ẹ̀jẹ̀ tí yọ̀rọ̀ ti mu tó sì yà nìyẹn.

Ibí yìí ni àwọn ènìyàn ti ń sáré lọ mú ọ̀tapiápiá. Àwọn mìíràn a lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì lẹ́bàá títì lọ gba ọ́ìlì ẹ́ńjìn àlòkù, bí wọ́n ti ń ṣe fún ajá elékùúrú. Ẹ̀yin ará wa, ohunkóhun tí ẹ bá fi pa ológbò lára, ẹ ti fi sí i lẹ́nu. Ahọ́n tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ni yóò lá gbogbo rẹ̀ mì. Oògùn olóró tó ń jẹ́ dichlorvos ni wọ́n fi ń po ọ̀tapiápiá, òun náà ni àjọ NAFDAC fòfin de títa ìgò rẹ̀ kékeré ní 2019 nítorí ẹ̀mí ènìyàn. Ọmọ tó gbé ológbò náà mọ́ra ńkọ́? Kẹrosíìnì, Izal àti Dettol náà léwu fún un. Oògùn yọ̀rọ̀ ti ajá tó ní permethrin nínú ńkọ́? Ó lè pa ológbò, nítorí ara rẹ̀ kò lè tú u palẹ̀.

Bí ẹ bá ti fi í pa á, ẹ fi ọ̀rá bo ọwọ́, kí ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ tí kò le fọ̀ ọ́ kíákíá, kí ẹ fi tówẹ̀lì wé e kó má baà lá ara. Bí ó bá ń da itọ́, tí ara rẹ̀ ń gbọ̀n, dókítà ẹranko ló kàn. Ẹ bèèrè ní ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ ìjọba ìbílẹ̀ ibi tí ẹ ti lè rí i. Fún èyí tó bá le, ilé ìwòsàn ẹranko Yunifásítì Ìbàdàn wà. Oògùn ológbò tí dókítà máa ń kán sí ẹ̀yìn ọrùn wà, ibẹ̀ ni wọ́n ń kán an sí nítorí ahọ́n kì í dé ibẹ̀.

Ẹ má gbàgbé ilé. Ara ẹní, kápẹ́ẹ̀tì àti àkísà tó ń sùn lé ni ẹyin àti ọmọ yọ̀rọ̀ pọ̀ sí ju ara rẹ̀ lọ. Ẹ fi omi gbígbóná fọ aṣọ, ẹ sá ẹní sóòrùn, ẹ gbá abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kí ẹ sì máa tún un ṣe fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, torí àwọn tó wà nínú ìdì wọn kò tíì jáde.

Bí ibi tó pá bá rí roboto, tó ní ìpẹ́ funfun, ó lè jẹ́ làpálàpá. Ìyẹn máa ń ran ọmọ lórí. Bí ó bá jẹ́ ìsàlẹ̀ ikùn nìkan ló ń lá, ẹ wo bó ṣe ń tọ̀: akọ ológbò tó ń rin ara rẹ̀ tí ìtọ̀ kò jáde lè kú láàárín ọjọ́ díẹ̀, ẹ má dúró di ọ̀la.

Àwọn tí ọkàn ń yọ lẹ́nu náà wà. Àgbò tó ń ké lágbàlá nígbà Iléyá, àlejò tó kún ilé, ìkókó tuntun. Èyí tó burú jù lójú tèmi ni okùn. A máa ń so ológbò mọ́lẹ̀ kó má baà sá lọ, a ó wá máa bú u pé ó ń jẹ irun ara rẹ̀. Ẹ̀yin náà ti gbọ́ hádíìsì obìnrin tó wọ iná nítorí ológbò tó sé mọ́lé, tí kò fún un lóúnjẹ, tí kò sì jẹ́ kó jáde wá nǹkan jẹ.

Ìyá tó bi mí léèrè kò lo ọ̀tapiápiá náà. Aṣọ funfun ló kọ́kọ́ lò, ó sì pọ́n. Nínú àpò kòkó àtijọ́ kan lẹ́yìn ilẹ̀kùn ni ológbò náà ti ń sùn. Wọ́n sun àpò náà, dókítà kán oògùn sí i lọ́rùn. Oṣù kẹta rèé, irun ti ń hù padà ní ikùn, ó ku abẹ́ itan òsì.