Èrè Yàtọ̀ sí Owó Ọwọ́

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, ọjà ń tà ní ṣọ́ọ̀bù ìyá wa ní Kubwa, síbẹ̀ ó kógbá wọlé. Ìgbà tí a kọ́ ìṣirò owó ni a tó mọ ìdí rẹ̀.

Ká ní a ra ìrẹsì ₦50,000, a tà á ní ₦60,000, àmọ́ a ta ₦20,000 nínú rẹ̀ láwìn. Èrè wa jẹ́ ₦10,000. Owó ọwọ́ jẹ́ ₦40,000 péré, kò tó ra ọjà míràn.

Nínú ìwé, apá òsì (dẹ́bíìtì) ni owó ọwọ́ ₦40,000 àti gbèsè oníbàárà ₦20,000 wà. Apá ọ̀tún (krẹ́díìtì) ni ọjà títà ₦60,000 wà. Wọ́n gbọ́dọ̀ dọ́gba. Luca Pacioli ti tẹ ìlànà yìí jáde ní Venice ní 1494.

Orí ni ìyá wa fi ń ka àwìn. Ẹ jẹ́ ká máa bá àwọn òbí wa kọ ọ́ sílẹ̀.